Ìlà Mẹ́ta Lára Ọ̀pá Táyà

Ọwọ́ Ọlọ́dà kì í gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ lẹ́tà sára ògiri àti pátákó, tó lè fa ìlà láti òpin kan dé èkejì láìlo rúlà, kí ni yóò máa gbọ̀n sí? Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí, nídìí tábìlì tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ọkọ̀ ìṣeré tí kò gùn ju ìka àárín lọ sì ń gbọ̀n nínú rẹ̀.

Eyín àtọwọ́dá ni ìyàwó náà ń ṣe jẹun nígbà ayé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo irinṣẹ́ tó wà lórí tábìlì náà fi tín-ínrín: dírìlì tó wọ àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀mú tó lè fa irun ìpéǹpéjú yọ, páìpù idẹ tí èèrà yóò kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ pọ̀ kó tó lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn ju eyín lọ ni ọkọ̀ ìṣeré, àwọn onírin kéékèèké tí ọmọdé máa ń yí nílẹ̀. Yóò tú ikùn rẹ̀, yóò yọ ọ̀pá tí táyà ń yí lé lórí, yóò nà án títí yóò fi tọ́, yóò dán an títí èèyàn yóò fi lè wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ṣe é tán, ẹ fi ìka ta táyà náà, kí ẹ lọ bu omi mu, kí ẹ padà dé, ó ṣì ń yí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó tó ogún ló ń ṣe irú eré yìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, tí wọn yóò fi pákó gígùn ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí wọn yóò sì jẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa sáré wálẹ̀ ní méjì-méjì. Ìyàwó Ọlọ́dà ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà ló sì ṣe òfin tó le jù níbẹ̀: o lè na ọ̀pá táyà rẹ, o lè dán an bó o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni kó wà ńbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ojú kò tó ikùn ọkọ̀, èyí tó bá gba ipò kìíní, wọn yóò dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí aṣọ funfun, wọn yóò tú u níṣojú gbogbo èèyàn.

Lónìí ni eré ọdún yìí, ó sì ti pé ọdún kan tí Ìyá Ẹgbẹ́ ti kú. Ọ̀gá Àgbà, olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì tó ń ṣe alága wọn báyìí, ti wá sílé Ọlọ́dà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

“Ẹ bá wa gbé ọkọ̀ Ìyá Ẹgbẹ́ wá,” Ọ̀gá Àgbà sọ. “Ẹ jẹ́ kó bá wa sáré lẹ́ẹ̀kan péré, ká fi rántí wọn.”

Ta ni yóò sọ pé rárá?

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀, Ọlọ́dà nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà kò bófin mu. Lọ́dún méje sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ máa yẹ ikùn ọkọ̀ wò, ó jókòó sídìí tábìlì yìí, ó ṣe ohun tí òfin òun fúnra rẹ̀ kọ̀. Ó fi páìpù idẹ sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó ki abẹ́rẹ́ irin líle bọ inú páìpù, ó fi táyà sí i ní orí méjèèjì, kó lè máa yọ̀ ju ọ̀pá ilé-iṣẹ́ lọ. Kò fẹ́ fi bá ẹnikẹ́ni sáré o. Ó fẹ́ mọ bí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ ṣe máa ṣe é ni. “Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta,” ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni ọkọ̀ náà ti wà láti ìgbà náà. Bó bá lọ gba ipò kìíní lónìí tí wọ́n sì tú u, orúkọ olóògbé bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí èyí ni Ọlọ́dà ṣe jókòó láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú ọ̀pá ilé-iṣẹ́ méjì nínú páálí ìṣáná, láti yọ abẹ́rẹ́ kúrò kó sì fi ọ̀pá gidi rọ́pò.

Ó fi abẹ họ ẹ̀kán ọ̀dà tó bo súkúrù méjèèjì lábẹ́ ọkọ̀. Òun ló kán an síbẹ̀ lọ́dún méje sẹ́yìn, nítorí òun ló ń kun ọkọ̀ fún wọn, òun ló sì ń pa ara àti ikùn pọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀dà bá gbẹ. Ẹ̀kán náà ṣì pé pérépéré, irin kankan ò kàn án rí. Ó tú súkúrù, ó gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí ikùn.

Kò sí páìpù idẹ níbẹ̀.

Ọ̀pá ilé-iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n dán gbinrin. Ní àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí táyà kì í dé, ẹnì kan ti fi fáìlì fa ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta.

Ọlọ́dà fi ìka tọ ìlà náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń fa ìlà mẹ́ta sára irin. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, Oníkọ́kọ́rọ́, tó ń gé kọ́kọ́rọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tí kò ní ìlà mẹ́ta yẹn.

Lọ́dún méje sẹ́yìn, ọkọ̀ méjì ló wà lórí tábìlì yìí: aláwọ̀ ewé ti ìyàwó rẹ̀, àti pupa ti Oníkọ́kọ́rọ́. Oríṣi kan náà ni wọ́n, ikùn wọn ò yàtọ̀ síra. Ọlọ́dà kun ara wọn, ó pa wọ́n pọ̀, ó sì gbé pupa lé àna rẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n jọ forí lé gbọ̀ngàn. Pupa sáré wálẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, ó gba ipò kìíní. Nígbà tí wọ́n tú u sórí aṣọ funfun, páìpù idẹ yọ, abẹ́rẹ́ irin yọ. Ariwo sọ. Ìyá Ẹgbẹ́ wo páìpù náà, ó wo àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, ó ní kó máa lọ, kó má padà wá. Oníkọ́kọ́rọ́ la ẹnu. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó pa ẹnu náà dé, ó jáde. Ọlọ́dà ló sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà tó pè é ní olè létí gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà ló ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan. Ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an nígbà tó bi í.

“Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò ṣi ikùn wọn gbé? Pé ti kálukú lẹ dá padà fún un?”

“Ṣé o rò pé ọmọdé ni mí ni?” Ọlọ́dà fò dìde. “Èmi tí mo ti ń kun nǹkan kó o tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀dà?”

Kò tún bi í mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tó o. Ó gbà pé àbúrò òun ló jókòó ti òun, tó wo iṣẹ́ òun, tó sì lọ ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó ń wo kọ́kọ́rọ́ tó ń gé irú rẹ̀ jẹun, ṣé ìyẹn le fún un? Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà mọ́ títí ó fi kú.

Nísinsìnyí, nídìí tábìlì, òwúrọ̀ ọjọ́ náà padà wá sí Ọlọ́dà lọ́kàn kedere. Ẹni tó ni pátákó kan dúró síta, ó ń pariwo pé òun fẹ́ gba iṣẹ́ òun. Ikùn méjèèjì wà lórí ìwé ìròyìn. Ojú Ọlọ́dà wà lójú fèrèsé, ó ń dá oníbàárà náà lóhùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń he ohun tó bá bà. Kò yí ọ̀kankan wò. Ó tẹ̀ wọ́n pọ̀, ó de súkúrù, ó kán ọ̀dà sí i. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ àìfarabalẹ̀ ẹnì kan ló wà níbẹ̀, àti ẹnu ìgbéraga ẹni náà.

Ó ronú kan Oníkọ́kọ́rọ́, tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí lẹ́yìn pé kí wọ́n má fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé wọn gé, torí pé ẹni tó lè fi ọkọ̀ ìṣeré jalè, kí ni kò ní fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ó ronú kan ọjọ́ ìsìnkú, tí ọkùnrin náà dúró síta gbangba nítorí pé òun ò pè é wọlé. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ara rẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń tú ọkọ̀ báyìí, ò lè mọ ìlà mẹ́ta yàtọ̀ sí ibi tí irin ti họ lásán. Ìyàwó òun ti lọ. Bí òun bá de súkúrù yìí padà, ọ̀rọ̀ náà kú nìyẹn.

Ó dè é padà. Ó wá bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn, bí ojo ṣe máa ń ṣe é: bí ọkọ̀ yìí bá gba ipò kìíní, wọn yóò tú u, òun yóò sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bí kò bá gbà á, a jẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́ bo òun láṣìírí.

Gbọ̀ngàn ti kún nígbà tó dé. Wọ́n ti to àga, wọ́n ti gbé pákó sójú àyè rẹ̀, Nọ́ọ̀sì ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó fi irin ìtú-súkúrù tì í. Gbogbo wọn dìde fún Ọlọ́dà. Wọ́n ń kí i pé ẹ kú àfẹ́kù, ẹ kú ìrántí, ó ń dáhùn. Ìgbà tó fẹ́ jókòó ló rí Oníkọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ewú ti bo orí ọkùnrin náà. Kò wọlé, kò sì jáde; ó fara ti férémù ilẹ̀kùn, ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú ikùn bí ẹni tó wá gba ìwé níléeṣẹ́ ìjọba.

Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ló fẹ́ sáré. Ní ìpele àkọ́kọ́, ti Ìyá Ẹgbẹ́ fi ẹni tó bá a sáré sílẹ̀ sẹ́yìn réré, gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Ọlọ́dà náà pàtẹ́wọ́. Ní ìpele kejì, ó tún gbà á. Ẹnì kan kígbe pé, “Ìyá ò kú o!” Àwọn obìnrin méjì nu ojú. Ọlọ́dà ń wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rí bí wọ́n ṣe ń yí láìmì, ó sì mọ ọwọ́ tó dán ọ̀pá wọn. Ọkùnrin tí wọ́n lé lọ bí olè ló ń borí gbogbo wọn yìí, ojú kálukú sì wà lára òkú.

Ìpele kẹta, ó gbà á pẹ̀lú ìbú ọwọ́ kan. Ó ku ti àṣekágbá.

Ọkọ̀ búlúù ti Télọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, ló kù tí wọn yóò jọ sáré. Wọ́n gbé méjèèjì sókè pákó. Ọlọ́dà rí irin ìtú-súkúrù lórí aṣọ funfun. Ọlọ́run, jẹ́ kó fìdí rẹmi, ó sọ ọ́ nínú ọkàn, ojú ara rẹ̀ sì tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀gá Àgbà gbé ọ̀pá ìdènà sókè. Ọkọ̀ méjèèjì tú jáde, wọ́n jọ ń lọ ṣáá, imú kan ò yọ ju èkejì lọ, títí tí wọ́n fi kọjá ìlà ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kúnlẹ̀ sídìí ìlà náà gbójú sókè.

“Búlúù,” ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. “Kò ju èékánná lọ. Búlúù ni.”

Gbọ̀ngàn kẹ́dùn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Télọ̀. Ọlọ́dà jókòó lórí àga, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó kórìíra ìfúyẹ́ náà. Wọ́n ti bọ́ sídìí tábìlì, wọ́n ń tú ikùn ọkọ̀ Télọ̀. Ó gbé ti ìyàwó rẹ̀ sápò, ó fẹ́ máa lọ sílé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán.”

Oníkọ́kọ́rọ́ ti wọlé. Ó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

“Káàsán o,” Ọlọ́dà dáhùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún méje nìyẹn.

“Mi ò wá jà o. Mo kàn ní kí n wá wo ọkọ̀ Àǹtí mi ni. Ó mà sáré o.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wolẹ̀. “Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín, n ó sì máa lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì wọ́n.”

“Ta lo dárí jì?”

“Àǹtí mi. Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni? Bí wọ́n ṣe tú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà, mo ti mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ṣe páìpù yẹn. Wọ́n fi sí i fún mi ni, kí n lè gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan péré láyé mi. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni mo máa ń wà nínú gbogbo nǹkan. Mo ní tí mo bá sọ̀rọ̀, orúkọ wọn ló máa bàjẹ́, ni mo bá gbé e mì.” Ó yí fìlà lọ́wọ́. “Ó dùn mí nígbà yẹn. Kì í dùn mí mọ́. Ta ló tún ní ẹ̀gbọ́n tó lè ṣe irú ẹ̀ fún un? Tí nǹkan bá le fún mi, ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn, pé ẹnì kan fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀.”

Láti òwúrọ̀ ni Ọlọ́dà ti rò pé òtítọ́ náà dà bí ẹrù tí òun di pa mọ́, pé bí òun bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ara yóò tu ẹni tó ni ín. Kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti fi irọ́ náà ṣe ibùsùn, pé orí rẹ̀ ló ń sùn. Ó dáa báyìí, ọkàn rẹ̀ sọ fún un. Jẹ́ kó máa lọ. Àánú ni wàá ṣe é bó o bá dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, nítorí pé ó bá ohun tó ti fẹ́ láti àárọ̀ mu.

“Oníkọ́kọ́rọ́!” Ọ̀gá Àgbà ti rí i láti ìdí tábìlì. Ohùn olùkọ́ ò tíì kúrò lọ́fun rẹ̀, gbogbo èèyàn ló yíjú. “Ta ló pè ọ́ síbí? Lọ́jọ́ tí a ń rántí ẹni tó o dójú tì? Ìtìjú ò tiẹ̀ sí mọ́ láyé yìí ni?”

“Ẹ má bínú, mà,” Oníkọ́kọ́rọ́ sọ. “Mo ti ń lọ.”

Ó dé fìlà rẹ̀, ó tẹrí ba, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Àwọn tó wà lọ́nà yà fún un, bí èèyàn ṣe ń yà fún ohun tí kò fẹ́ kó kan aṣọ òun. Ọlọ́dà rí bí wọ́n ṣe yà.

“Dúró!”

Kò mọ̀ pé ohùn òun lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó gbé ọkọ̀ aláwọ̀ ewé lé aṣọ funfun.

“Ẹ tú u.”

“Bàbá, a kì í tú èyí tó bá fìdí rẹmi,” Nọ́ọ̀sì rọra sọ.

“Mo ní ẹ tú u!”

Nígbà tí kò sẹ́ni tó mira, ó mú irin náà fúnra rẹ̀. Súkúrù àkọ́kọ́ bọ́, ó yí lọ sílẹ̀. Ó tú èkejì, ó gbé ara ọkọ̀ kúrò, ó fi ìka tọ́ka sí àárín ọ̀pá.

“Ẹ wo ìlà mẹ́ta yìí. Ta ló ni ín?”

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lápò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbójú sókè wo ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọlọ́dà sọ ọ́ tán pátá. Ó sọ bí ìyàwó òun ṣe ṣe páìpù náà láti fi kọ́ ojú, bí òun ṣe ṣi ikùn méjèèjì gbé nítorí pé òun ò wo ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe, àti bí ọ̀dà tí òun kán síbẹ̀ ṣe wà títí di àárọ̀ òní. “Kò jí nǹkan kan. Kò fọwọ́ kan páìpù yẹn rí. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo sì pè é ní olè.”

Ọ̀gá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn gbè é, wọ́n yíjú sí Oníkọ́kọ́rọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ọkùnrin náà ń bọ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó dé ìdí tábìlì, ó wo ọ̀pá méjèèjì, ó wo Ọlọ́dà.

“Àǹtí mi ńkọ́?” ó bi í. “Ṣé wọ́n mọ̀?”

Irọ́ kan wà lẹ́nu Ọlọ́dà, ó ti ṣe tán pátápátá. Kó kàn sọ pé ó mọ̀ kó tó kú, pé ó ní kí òun kí i, pé àìsàn ni kò jẹ́ kó ránṣẹ́. Ta ni yóò já a? Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti bi í ní ìbéèrè kan rí, òun sì ti fi ìdáhùn tó rọ òun lọ́rùn dá a lóhùn.

“Kò mọ̀,” ó sọ. “Ó bi mí, mo ní mi ò ṣì í gbé.”

“Títí wọ́n fi kú?”

“Títí ó fi kú.”

“Ìyẹn ni pé wọn ò fi sí i fún mi.” Oníkọ́kọ́rọ́ ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò hàn dáadáa. “Wọ́n rò pé mo jí i ni. Olè ni mo jẹ́ lójú Àǹtí mi.”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún àgbà ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún, ó di etí tábìlì mú. Àtẹ́wọ́ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi dákẹ́. Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ orúkọ rẹ̀ mọ́ lójú gbogbo èèyàn nìyí, wọn ò sì mọ̀ bóyá ẹ kú oríire ni kí àwọn kí i tàbí ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́dà na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ gbé ọwọ́ kan sókè láìwo ojú rẹ̀, pé kó má tíì sún mọ́ òun, Ọlọ́dà sì dúró síbi tó wà.